Ẹni Tí Wọn Yóò Pè

Bàbá tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ dé fìlà aláwọ̀ eérú, ó mú agboòrùn dání, ó sì ń sinmi ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Lucy ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kékeré tó ti ń ta inṣọ́ránsì ní Bẹẹrẹ. Ọdún mẹ́sàn-án tó ti di opó, kò wo ọkùnrin kankan lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo eléyìí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ káàsán, mà. Hezekiah Ọládèjì ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Yemetu. Ọmọ mi kan ṣoṣo fẹ́ bímọ ní Kánádà. Ó ní n ò gbọdọ̀ wọ bàálù láìní inṣọ́ránsì ìrìn-àjò."

Lucy fún un ní fọ́ọ̀mù. Nígbà tó gbà á padà, ẹ̀rín pa á.

"Tíṣà, ibi tí wọ́n ti bèèrè àìsàn tó ń ṣe yín, 'A dúpẹ́' lẹ kọ síbẹ̀."

"Ta ní í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, mà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Ọdún mẹ́fà. Àti ìtọ̀ ṣúgà. Ọmọ náà ò mọ̀ o."

"Ẹ kọ ọ́, sà. Bí ẹ bá fi pamọ́, tí ara ò dá lọ́hùn-ún, wọn ò ní san nǹkan kan. Ọmọ yín ni yóò ru ẹrù ọsibítù."

Ó kọ ọ́. Ó fi àlàfo kan sílẹ̀ nísàlẹ̀: orúkọ ẹni tí wọn yóò pè ní Ìbàdàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lucy rí i, kò bèèrè.

Iye tí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó bàálù. "Ó dáa náà, mà," ni Hezekiah wí. "N óò máa wo ọmọ-ọmọ mi nínú fóònù."

"Ó dáa" yẹn ni kò jẹ́ kí ara rọ Lucy. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n kọ̀; ẹ̀kẹta gbà: wọn yóò gba àìsàn méjèèjì mọ́ ọn ní iye tí apá ká, bí dókítà bá lè jẹ́rìí pé ara rẹ̀ dúró déédéé fún oṣù mẹ́ta, tí Hezekiah kò sì ní lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ ní Kánádà.

Bí òun àti Hezekiah ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè Mápó láràárọ̀ nìyẹn, kí ara bàbá náà lè dúró déédéé.

"Ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó, ọ̀gá mi."

"Epo dòdò tó wà létè yín yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀sùn èké ni!"

Lucy fi áńkáṣífù nu ẹ̀rí náà kúrò.

Lọ́jọ́ kan Hezekiah bi í pé, "Kí ni oríkì yín?"

"Àníkẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ń fi pè mí ti sùn."

Ìyàwó Hezekiah náà wà ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Hezekiah na apá sí i pé kó dì í mú sọ̀ kalẹ̀.

Hezekiah jẹ́wọ́ àìsàn náà fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà sunkún, ó bínú, ó sì dúpẹ́. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, dókítà fọwọ́ sí i. Hezekiah jókòó ti fọ́ọ̀mù tuntun, kò fi àlàfo kankan sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Lucy kà á dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀, àti "Àfẹ́sọ́nà mi" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà, a kì í parọ́ sínú fọ́ọ̀mù."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́."

Lucy mú òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà.

"Kí ni ọ́fíìsì wí, Àníkẹ́?"

"Wọ́n ti gbà á wọlé, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ máa lò lọ́hùn-ún o."