Sáfà Kejì Tí Wọn Ò Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

Bí Ìyá Ìbejì bá ti wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ọsibítù, ara rẹ̀ á tù ú. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín ètò fáwọn kọ̀ǹpútà yòókù, wà nínú yàrá náà tí ọ̀gá rẹ̀ tò kó tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá tàn án, á kọ ọ́ síta pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má kánjú."

Ayé ìgbà yẹn dùn. Ọ̀gá náà, tí wọ́n ń pè ní bàbá, á jókòó sórí páálí, á máa dárin jẹ́jẹ́, á ní kí Ìyá Ìbejì bá òun di wáyà mú, á sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń gbọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ sáfà yìí ni kó gbé Línúùsì, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, àti gbogbo ètò ọsibítù sínú kọ̀ǹpútà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èkejì rẹ̀ wà nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Bàbá ti kìlọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fi kún ọ̀kan, kí wọ́n fi kún èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun ti yọ ìkíni náà kúrò lórí èyí tí wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá mú àwọn méjèèjì dọ́gba, ó parẹ́ nìyẹn. Ìyá Ìbejì bá fi sáfà ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ni páìpù omi bá bẹ́ nílé àyẹ̀wò. Omi ba sáfà àti àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ jẹ́.

"Ẹ má mikàn," Ìyá Ìbejì sọ fún nọ́ọ̀sì. "A ní òmíràn."

Ó fi sáfà ẹ̀yìn to àwọn kọ̀ǹpútà tuntun. Wọ́n tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò dá ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yìn tí bàbá lọ ni wọ́n ra ẹ̀rọ náà, ètò rẹ̀ ò sì sí lórí sáfà ẹ̀yìn.

"Ìyá Ìbejì, ọmọ kan ń gbóná, gìrì ti ń mú un," nọ́ọ̀sì ní. "Èsì ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ń dúró dè."

Wọ́n fi takisí gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lọ sí ọsibítù mìíràn, Ìyá Ìbejì sì pe bàbá. Kí èsì tó dé, ìyá ọmọ ti sunkún títí ohùn rẹ̀ há. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, oògùn bá ọmọ náà láyé.

Bàbá dé, ó ka ìkíni orí ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí ohùn yín parẹ́ ni, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ ìgbà ò lọ bí òréré. Ọmọ tó ń gbóná ò lè fi ìkíni mi ṣe oògùn."

Ó bá a jókòó títí wọ́n fi kó gbogbo ohun tuntun sínú sáfà náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ìkíni ọ̀hún rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú irú ẹ̀rọ yìí, ohun tẹ́ ẹ bá yí padà lórí sáfà kan, ẹ yí i padà lórí èkejì. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀, torí èèyàn a máa gbàgbé. Ẹ má kó wọn sójú kan náà. Nígbà tí ara bá dẹ̀, ẹ fi èkejì to kọ̀ǹpútà wò, kẹ́ ẹ rí i bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn ọ̀gá yín àtijọ́, ẹ lọ kí i nílé.