Eérú Ìsàlẹ̀ Ọkọ̀

Rodiat sọ àbùkù ọkọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin tó fẹ́ rà á.

Àárọ̀ Sátidé kan ni, létí omi ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ fún títà, àlòkù ni méjèèjì. Èyí ńlá, tó ń gbé èrò mẹ́rìnlá, jẹ́ ti Festus, oníṣòwò ọkọ̀. Èyí kékeré, tí kò gbà ju ènìyàn mẹ́fà lọ, ni Kabir, ọkọ Rodiat, fi sílẹ̀ nígbà tí àìsàn pa á ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹja ni Rodiat ń yan tà láti ìgbà náà, òun ni ó fi ń tọ́ Toyyibah, ọmọ wọn.

Ọláògún ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ló ń gbé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó fi ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ sí ọ́fíìsì kan ní Èkó. Nígbà tí ó sú u, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ojú ẹni tí kò sùn tó ni ojú rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, màdáámù. Èwo ni tiyín nínú méjèèjì?"

"Kékeré ni tèmi. Ó ń jò."

Festus bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ? Bó ṣe ń polówó rẹ̀ láti èṣín nìyẹn."

Rodiat bu eérú gbígbẹ láti inú garawa tó gbé wá láti ìdí ààrò rẹ̀, ó wọ́n ọn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n tì í sójú omi. Bàbá rẹ̀, Bùsàrí, tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà, ló fi bí a ṣe ń yẹ àlòkù ọkọ̀ wò hàn án. Ibi tí eérú bá ti dúdú ni omi ti ń wọlé. Kò pẹ́ tí ìlà dúdú kan fi yọ lábẹ́ ìjókòó kejì.

"Kabir ti fi fáíbà lẹ ibẹ̀," ni Rodiat wí. "Omi ṣì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń wà á, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ máa gbọ́n omi. Nítorí náà, èrò mẹ́rin péré ló lè gbé."

"Ta ló ń gbọ́n ọn nígbà ayé ọkọ yín?"

"Èmi ni."

Ọláògún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wọ́n eérú sínú ọkọ̀ Festus náà. Ojú Festus kò fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n dúró pẹ́. Eérú náà gbẹ títí.

"Èyí kò jò," ni Rodiat wí. "Ẹ rà á."

Festus wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìyá Toyyibah, ṣé ara yín le?"

Ọláògún kò ra ọkọ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Ẹja yíyan ló rà. Ó padà wá ní Sátidé kejì, ó ní òun ṣì ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Ó wá ní ìkẹta. Orí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni ó máa ń jókòó sí, oorun a sì gbé e lọ níbẹ̀. Rodiat a kó igi jáde nínú ààrò kí èéfín má bàa bò ó.

Ní Sátidé kẹrin, Rodiat mọ̀ pé òun ti ń wo ọ̀nà. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ti rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ kí a máa retí ènìyàn.

"Rodiat mi," ni Ọláògún wí lọ́jọ́ náà, "mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gígùn sọ ọ́."

"Kúkúrú náà tó," ni ó dáhùn. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ."

Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti kúrò láàárín wọn.

Ọláògún mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, wá sí Ẹ̀pẹ́. Òun ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, owó rẹ̀ sì wà nínú èyí tí wọ́n fẹ́ fi ra ọkọ̀. Ó wọ ọkọ̀ Festus, ó sì ń bọ́ láti orí ìjókòó kan sí òmíràn títí ó fi jókòó sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Lẹ́yìn náà ni ó wo ọkọ̀ Rodiat.

"Èyí ńkọ́? Abọ́ tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ jòjòló ni àbí kí ni?"

"Ìyá Ìkòròdú," ni Bùsàrí wí láti orí bẹ́ńṣì, "ọkọ̀ ńlá kì í tètè ṣí o. Wọn ò ní jẹ́ kí ó kúrò ní èbúté láìkún. Abọ́ ìwẹ̀ á ti lọ, á ti bọ̀."

"Bàbá, ọmọ yín lẹ̀ ń bá polówó ọjà."

"Èwo lọjà? Ọmọ tó ń ta ọkọ̀ bí ẹni ń ta àìsàn!"

Ṣẹ̀rífátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ọláògún, bí opó yìí bá wù ọ́, èmi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n owó mi ò ní wọ inú ọkọ̀ tó ń jò."

Ọláògún fa Rodiat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èwo ni kí n rà?"

"Èyí tí kò jò."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"O ṣáà rí eérú."

Ó ra ọkọ̀ ńlá. Ó fi í ń ná Ìkòròdú sí Èkó.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí ni ó wá ń jí. Bí ó bá jí pẹ́, ọkọ̀ mẹ́wàá ti wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Bí ó bá kan òun, àfi kí ó dúró kí ó kún. Bí ó bá dé Èkó, kò sí ẹni tó ń padà bọ̀ wá sí Ìkòròdú ní àárọ̀, àfi kí ó tún dúró. Ó ń wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Rodiat kò rí i. Bí ó bá sì wá, oorun ni ó ń sùn.

"Ọkọ ìyàwó," ni Bùsàrí máa ń bi í bí ó bá jí, "ṣé ọmọ mi lo wá fẹ́ ni, àbí bẹ́ńṣì mi?"

Nígbà ọyẹ́, Ọláògún wá ní ọ̀sán kan. Kò sùn. Ó wo ọkọ̀ kékeré náà lórí iyanrìn.

"Ìwọ lo ní kí n ra èyí ńlá," ni ó wí.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lo bi mí, mo sì dá ọ lóhùn. O ò bi mí léèrè ara rẹ."

"Bí mo bá ti bi ọ́ ńkọ́?"

"Ǹ bá sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́ jù fún un."

"O rí i, o ò sì sọ ọ́," ni Ọláògún wí.

"Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá ní kí o ra tèmi, wọn á ní mo fi ìfẹ́ ta ọkọ̀ jíjò fún ọ. Àbùkù ọkọ̀ ni mo sọ. Mo fi ohun tó wà lọ́kàn mi pamọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Mo ń sọ ọ́ báyìí. Ibí ni mo fẹ́ kí o wà. Ó ti rẹ èmi náà."

Ọláògún dìde. Ó wọ mọ́tò padà sí Ìkòròdú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò pè. Rodiat gbà pé ó ti parí. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ọkùnrin kan wá láti ra ọkọ̀ kékeré náà. Rodiat sọ fún un pé ó ń jò. Ọkùnrin náà lọ.

"Rodiat," ni Bùsàrí wí, "o ò fẹ́ ta ọkọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Ọláògún dé pẹ̀lú Ṣẹ̀rífátù. Ṣẹ̀rífátù kúnlẹ̀ kí Bùsàrí, kò sì tètè dìde.

"Bàbá, àbúrò mi sùn lórí ọkọ̀. Ó ń wa ọkọ̀ lọ, oorun gbé e, ó fi orí ọkọ̀ gbá òpó èbúté. Kò sẹ́ni tó kú. Èmi náà wà nínú rẹ̀."

Bùsàrí ní kí ó jókòó.

"Èmi ni mo tọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí n tún jẹ́ ẹni tí yóò sin ín." Ó yíjú sí Rodiat. "Ìyá Toyyibah, mo fojú kéré ọkọ̀ yín. Ẹ má bínú. Ẹ fún un ní bẹ́ńṣì rẹ̀."

Ọláògún dúró lójú oòrùn. "Rodiat mi, ó ti rẹ̀ mí," ni ó wí. "Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

"Wá jókòó," ni Rodiat wí.

Wọ́n so yìgì ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kejì, ní àgbàlá Bùsàrí. Nígbà tí àfáà béèrè ohun tí Rodiat fẹ́ gbà ní sọ̀dáàkì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní garawa tuntun.

"Garawa?" ni àfáà bi í.

"Garawa. Èyí tí mo fi ń gbọ́n omi ti lu."

Ọláògún ra garawa náà. Ṣẹ̀rífátù ta ọkọ̀ ńlá padà fún Festus ní iye tó kéré sí èyí tí wọ́n rà á, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọláògún tún fáíbà ọkọ̀ kékeré náà lẹ̀. Ó ṣì ń jò. Wọ́n fi í ń gbé èrò láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà. Ọláògún ń wà á, Rodiat ń gbọ́n omi. Wọn kì í gbé ju èrò mẹ́rin lọ, wọn kò sì lówó. Bí ó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti wà lórí iyanrìn. Ó máa ń rẹ àwọn méjèèjì, wọ́n sì máa ń sùn.