Ọkọ̀ Ìyá Aránṣọ

Àgádágodo ńlá ló pàdé ìyá aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Afínjú. Ó yọjú lójú fèrèsé: kò sí tábìlì, kò sí àga, kò sí ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Afínjú fẹ̀rín ẹ̀yẹ gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré náà, ère igi tó ní aṣọ ìgbòkun, kúrò nílé ìyá, pé òun á bá a kan àpótí onígíláàsì sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ ìyá, káfíńtà, fi ọdún mẹ́ta gbẹ́ ẹ. Ìyá rán aṣọ rẹ̀, ó sì so gbogbo okùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó so okùn tó kẹ́yìn ni bàbá kú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nílé nìyẹn.

Ìyá ò sunkún. Ó ní ojú gbogbo ayé lòun ti máa dójú ti Afínjú.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó gba ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: «Ẹnikan gbe ọkọ iya yii sa lọ.» Kò pẹ́ tí ọtẹlẹ̀múyẹ́ kan àti ọlọ́pàá mẹ́rin fi ya wọlé ìyá.

“Ìgbà wo lẹ rí ọkọ yín kẹ́yìn?”

“Ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí a sin ín.”

Ọtẹlẹ̀múyẹ́ gbé kálàmù kúrò lórí ìwé. “Òkú ni wọ́n jí gbé?”

“Ọkọ̀ ni mo wí. Ọkọ̀ ojú omi.”

Àwọn mẹ́rin náà rẹ́rìn-ín títí. Ojú ti ọ̀gá wọn, ó sì ní bí òun ti wá yìí, òun ò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Afínjú bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nílé tó háyà, ó fo ògiri ẹ̀yìnkùlé, bàtà rẹ̀ kan ló fi sílẹ̀ fún wọn. Ní ibùdókọ̀, ó bọ́ fìlà, ó pòórá sínú èrò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo ni tolè. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, òun àti ọkọ̀ náà: wọ́n fẹ́ fún un lẹ́bùn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ta yọ.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá àti ìyá dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ fún un lẹ́bùn náà, Afínjú ń sọ nínú máíkù bí òwú ṣe gé òun níka. Ọtẹlẹ̀múyẹ́ fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yọ. Ìyá dì í lọ́wọ́ mú.

“Ẹ jẹ́ kó parọ́ díẹ̀ sí i.”

Ìgbà tó tó, ìyá bọ́ síwájú, ó kí gbogbo ilé, ó wá kọjú sí Afínjú.

“Ọ̀gá, ẹ bá wa sọ aṣọ ọkọ̀ yín kalẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ló ń sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó so ó mọ̀ ọ́n.”

Okùn tó wà níbẹ̀ lé ní ogójì. Afínjú làágùn, ó fa ọ̀kan. Òpó iwájú dá. Ó dun ìyá, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ òsì sí ìdí ọkọ̀, ó fa òwú dúdú kan, aṣọ márààrún sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ta ló ṣe é?” ni ọtẹlẹ̀múyẹ́ bi Afínjú.

“Òun àti ọkọ rẹ̀.”

“Sọ ọ́ sínú máíkù.”

Ó sọ ọ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti lu àwọn mẹ́ta mìíràn ní jìbìtì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti ń fà á lọ, ìyá dí i lọ́nà.

“Wò mí dáadáa. Rín ẹ̀rín ẹ̀yẹ rẹ yẹn.”

Ẹ̀rín kọ̀, kò wá.

Ní àgọ́, ọtẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé, ó sì ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: «Ìyá ti gba ọkọ̀ rẹ̀ padà.» Ó kà á fún ìyá. Ìyá rọra gbé ọkọ̀ náà mọ́ àyà, ìgbà yìí ni omi wá dà lójú rẹ̀.

“Ẹ pa àmì orí «ọkọ̀» yẹn rẹ́,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ mi lọ sílé.”