Ohun Tó Pe Tíṣà Gbádérọ̀

Ojú mi ló ṣe. Wọn ò sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mi ò ní bá a jà.

Lọ́dún 1997, èmi Túnráyọ̀ ni mo ń lo ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọkàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò Challenge. Ọ̀sán ni wọ́n gbé Tíṣà Gbádérọ̀ wá, onítẹ̀bọmi láti Ṣakí tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ wọn wú. Èémí wọn ò délẹ̀. Ìyá Ẹnìtàn, ìyàwó wọn, ló dì wọ́n mú.

Apá kan ọkàn wọn ò mira rárá.

Dókítà Luqman ní, “Màmá, a ó fún wọn lóògùn tó ń mú ọkàn sáré. Tí ibẹ̀ bá mira, á jẹ́ pé ó sùn ni. Wọ́n á lè ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lókè òkun.”

“Tí kò bá mira ńkọ́?”

Dókítà gbé abẹ́rẹ́.

Oògùn wọlé. Àwọn apá yòókù ń sáré lójú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Dókítà fi kún oògùn. Fáànù nìkan là ń gbọ́.

Ni obìnrin kan bá pè lẹ́yìn wíńdò. “Àkànní.”

Ibẹ̀ mira.

“Alihamudulilahi!” Dókítà fò sókè. “Ó ń jí!”

“Àkànní o.”

Ó tún mira, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òkè kejì la wà. Kò síbi téèyàn lè dúró sí lẹ́yìn wíńdò yẹn.

Tíṣà lajú. “Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.”

“Ìyá yín ti kú látogún ọdún! Bàbá Ẹnìtàn, ẹ má jẹ́ o!” Ìyá Ẹnìtàn fàtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Ta ni wọn ò kọ́ nílé pé a kì í jẹ́pè ẹni tá ò rí?

“Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, Màmá!” ni Dókítà ń pariwo. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò. Èmi náà ò fẹ́. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́.

Ìpè kẹta jìnnà, bí ẹni tó ti ń lọ. Ibẹ̀ mira díẹ̀. Omijé Tíṣà ń ṣàn sórí ìka ìyàwó wọn. Wọn ò jẹ́. A ò gbọ́ ìpè mọ́.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ti kú. Oògùn ò mú un mira, ìpè nìkan ni. Kí ni ì bá kọ? Pé ta ló pè?

Lọ́sẹ̀ kẹfà, Tíṣà kú. Ìyá Ẹnìtàn wá bá mi níbi iṣẹ́.

“Túnráyọ̀, ká ní mo jẹ́ kí wọ́n jẹ́pè yẹn, ṣé wọn ì bá yè?”

Wọ́n bẹ̀ mí títí, mo fi fídíò àyẹ̀wò náà hàn wọ́n. Wọ́n ń fìka kà á. Ó mira lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta. Mo nawọ́ kí n pa á.

Ó tún mira.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́,” mo ní.

Ìyá Ẹnìtàn wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. “Ẹnu ni mo dì,” wọ́n ní. “Mi ò lè di inú.”