Ààwẹ̀ tí Bàbá Mi Gbà Nítorí Motọ́lání

Ní gbogbo Okitipupa, kò sí ẹni tó mọ ẹnu í lò fún obìnrin bí èmi Adébọ̀wálé. Gbólóhùn mẹ́ta ni tèmi. Ìkẹrin, àṣejù ni.

Ní 1995, mo lọ gba oògùn ibà ní ọsibítù, mo bá Motọ́lání lórí bẹ́ǹṣì.

"Arẹwà, kí ló gbé ọ débí?"

"Oògùn wárápá mi ni mo wá gbà. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Ọ̀rọ̀ tán. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá gbólóhùn kejì, ìfẹ́ ló bá mi rí i.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ fi í ṣaya, bàbá mi, alàgbà ìjọ ní Igbodigo, ní, "Wárápá kò ní wọ ìdílé mi." Ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta: kò sómi, kò sí oúnjẹ, títí kan púpurú tó fẹ́ràn.

Ọjọ́ kẹta ni Motọ́lání wá bẹ̀ ẹ́. Kò tíì jókòó tí Bàbá fi ṣubú, tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Àǹtí Salome, àbúrò Bàbá, wí. "Itọ́ yẹn ń ràn. Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán."

"Kì í ràn, mà," ni Motọ́lání wí. "Dókítà mi ní tí gìrì bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á máa ru ara wọn sókè. Èròjà kálísíọ̀mù á ya wọ inú wọn, wọ́n á sì máa kú. Èyí tó bá kú kì í hù mọ́."

"Ìwọ lo kó o ràn án. Bọ́ síta."

Ẹ wo ìkà. Ogójì ìṣẹ́jú ni ẹbí mi fi káwọ́ gbera, tí ọpọlọ èèyàn ń bàjẹ́ lójú wọn. Èmi ẹlẹ́nu ńkọ́? Mo dúró bí òpó.

Motọ́lání tí wọ́n ti lé síta ló já wọlé padà, tó ti Àǹtí sẹ́yìn, tó yí Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Páálí oògùn jábọ́ lápò Bàbá. Motọ́lání wò ó: irú oògùn wárápá tirẹ̀ gan-an ni.

Ogún ọdún ni Bàbá ti ń fi wárápá pamọ́. Ààwẹ̀ tó ń gbà lórí ọmọ ọlọ́mọ ni kò jẹ́ kó lo oògùn. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ dá gìrì dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bàbá kò fi lè sọ̀rọ̀ ni Motọ́lání fi ń bọ́ ọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọhùn, mo pe gbogbo ẹbí yí bẹ́ẹ̀dì ká, kí Bàbá tọrọ àforíjì lójú wọn.

"Bàbá, Motọ́lání nìyí. Ṣé kí n fẹ́ ẹ?"

Ó wò ó, ó wò mí, ó wo Àǹtí Salome.

"Fẹ́ ẹ," ó ní. "Èmi ò mọ ìkankan nínú yín."