Adájọ́ Ajá ní Egan

Àbọ̀ sẹ̀ntímítà ló dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀ láàárín Kafilat àti Rasaq, ìjà náà ló sì di ìfẹ́.

Kafilat ló di ọ̀pá ìwọ̀n mú lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni pápá tí ẹgbẹ́ eléré ajá ń lò ní Egan. Alhaji Tàjùdíìnì, ọmọ onílẹ̀ ní Ìkọ̀tún, ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn kí èèyàn má baà rò pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni ín. Ó wá rán ọmọ rẹ̀ lọ wo ohun tí wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe. Kafilat débẹ̀, ó rí ajá tó ń fo igi, tó ń rákòrò gba inú ike gbọọrọ kọjá, tó ń yí láàárín òpó méjìlá bí ìgbà tí wọ́n ń di irun. Ó jókòó, kò tètè dìde. Nígbà tó ṣe, wọ́n fi í ṣe ẹni tó ń wọn ajá, nítorí iṣẹ́ awọnlẹ̀ ló ń ṣe, ojú rẹ̀ kì í sì í tàn án.

Rasaq wọ pápá tòun ti ajá pupa kan, ajá ilé lásán, Táyà lorúkọ rẹ̀. Inú àlòkù táyà ló ti rí i he ní Ìyànà Ìpájà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Kafilat gbé ọ̀pá lé ajá náà léjìká. "Mẹ́tàlélógójì àbọ̀. Kíláàsì ajá ńlá."

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ tún un wọ̀n. Ajá àárín ni. Mẹ́tàlélógójì ni òfin sọ."

"Àbọ̀ ti lé lórí ẹ̀."

"Ó na ọrùn ni. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dẹ́rù bà á."

"Ọrùn kọ́ la ń wọ̀n, bọ̀ọ̀dá. Èjìká ni."

"Ṣé torí àbọ̀ sẹ̀ntímítà lẹ ṣe fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa fo igi tó ga ju òun fúnra ẹ̀ lọ?"

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó súnkì díẹ̀," ni Kafilat wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Inú bí Rasaq, ẹ̀rín sì ń pa á. Nígbà tí ìdíje parí, ó ra sóbò tútù ike méjì, ó gbé ọ̀kan fún Kafilat. "Ẹ mu ún, ma. Ẹ má wọ̀n ọ́n ṣá." Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìfẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn, ẹ má dá a lóhùn.

Ọdún méjì kọjá. Ọmọ Ìwó ni Rasaq, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, ó sì rẹ́ńtì yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìgándò. Àṣàkẹ́ ló ń pe Kafilat, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é. Ọkùnrin náà lójú àánú, kì í jẹun ká má gbọ́ pé ó ti bá Kafilat fi díẹ̀ sílẹ̀. Kafilat fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á ti sáré jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó dìde.

Táyà náà ń fo igi gíga rẹ̀ lọ. Ó kúrò ní ìpele kìíní, ó kúrò ní kejì, ó dé kẹta, níbi tí oyè wà. Kí ajá tó lè joyè níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sáré ní kílíà lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ni pé kò ní àṣìṣe kankan. Adájọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Dókítà Mùíz, dókítà ẹran tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, ti fọwọ́ sí méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè fọwọ́ sí ẹ̀kẹta: Kafilat, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò adájọ́ lọ́dún náà. Ìdíje ìparí oṣù kẹfà ni ìgbà ìkẹyìn fún Táyà, nítorí yóò pé ọdún mẹ́jọ ní oṣù kẹjọ, ajá ọlọ́dún mẹ́jọ kì í sì í fo igi ńlá mọ́ nínú ẹgbẹ́ náà.

"Ajá ń joyè?" ni Alhaji bi Kafilat nígbà tó gbọ́. "Èmi tí mo jẹ́ ọmọ onílẹ̀, mi ò tíì joyè."

Alhaji ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ajá rárá. Kafilat ní aṣọ tó yà sọ́tọ̀ fún pápá. Bó bá dé, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń bọ́ ọ, á wẹ̀, kó tó sún mọ́ ẹní ìrun. Ṣùgbọ́n bàbá náà rí i pé ọkàn ọmọ òun ti lọ. Ó ní, "Kí àwọn èèyàn ẹ̀ wá, kí ojú mi rí ojú wọn." Rasaq dá ọjọ́, ó yẹ̀ ẹ́. Ó tún òmíràn dá, ó tún yẹ̀ ẹ́: ẹsẹ̀ ń dun ìyá òun, ẹ̀gbọ́n bàbá òun rin ìrìn àjò. Ìgbà kẹta bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó ṣíwájú ìdíje. Alhaji wọ agbádá láti aago mẹ́wàá. Wọ́n pe ìrun Àsárì, ẹnikẹ́ni ò yọjú.

"Ó tán," ni Alhaji wí, ó sì bọ́ agbádá. "Ọmọ mi kì í ṣe ọjà tó kù sórí àtẹ."

Lọ́jọ́ kejì, Kafilat bá Rasaq níbi tó ti ń wẹ Táyà.

"Rasaq, ṣé o fẹ́ mi àbí o ò fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ, Àṣàkẹ́. Ọlọ́run gbọ́."

"Kí ló dé tí wọn ò wá?"

Rasaq nu ọwọ́, ó wọlé, ó mú ìwé òfin ẹgbẹ́ jáde, ó sì ṣí i sí òfin kẹsàn-án. Kafilat mọ̀ ọ́n lórí, ó kàn ní láti rí i kó tó yé e. Adájọ́ kò gbọdọ̀ ṣèdájọ́ ajá tó jẹ́ ti ìbátan rẹ̀, tàbí ti ẹni tí ẹbí ti bá a ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

"Tí wọ́n bá wá lánàá," ni Rasaq wí, "o ò ní lè ṣèdájọ́ Táyà ní Sátidé. Kò sì sí adájọ́ míì. Ọdún méje ni mo fi kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mò ń tọrọ."

"O ò tọrọ nǹkan kan. Irọ́ lo pa."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Tí mo bá sọ fún ọ, o ò ní ṣèdájọ́ ẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ ọ́."

Èyí ló dun Kafilat jù: pé ọkùnrin náà mọ òun tó bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìmọ̀ náà ti òun sẹ́yìn ajá. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Màá ṣèdájọ́ ẹ̀ ní Sátidé," ló wí. "Wọn ò tíì tọrọ mi, mi ò sì jẹ́ nǹkan kan fún ọ." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, Alhaji, tí Kafilat ti ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún, fúnra rẹ̀ wá sí Egan. Ó jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà Mùíz. "Mo fẹ́ rí ajá tó gba ipò ọmọ mi," ló wí.

Wọ́n pe Táyà. Kafilat fọn fèrè, ajá náà bọ́ sójú ọ̀nà. Ó fo igi mẹ́fà, ọ̀kan ò já. Ó gba inú ike, ó yí òpó méjìlá ká láìfo ọ̀kankan, Rasaq ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe. Ó wá ku pákó méjì tí wọ́n gbé forí ti ara wọn bí òrùlé. Ìsàlẹ̀ pákó yẹn ni wọ́n kun ní yẹ́lò. Ẹsẹ̀ ajá gbọ́dọ̀ kan yẹ́lò náà bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, kó má baà fò láti òkè fi èjìká ṣèṣe. Bí kò bá kàn án, àṣìṣe márùn-ún ni.

Táyà sọ̀ kalẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú fo yẹ́lò kọjá. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Ọmọ ìka kan kàn án, tàbí kò kàn án.

Òfin ní bí ojú adájọ́ bá ṣiyèméjì, kó dá ajá láre. Kafilat ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ajá mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó wo ọkàn ara rẹ̀, ó sì rí i pé òun ń fẹ́ kí ìka yẹn kan yẹ́lò, òun ń fẹ́ ẹ gidigidi. Ó tún rí i pé ibì kan nínú òun ń fẹ́ kó má kàn án, kí ó lè dun Rasaq bó ṣe dun òun. Kò mọ èyí tó ń wo ajá nínú àwọn méjèèjì.

Táyà parí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Adájọ́," ni Dókítà Mùíz ké sí i, "kílíà ni àbí márùn-ún?"

"Kò sí ìdájọ́, sà," ni Kafilat dáhùn. "Mo yọwọ́."

Rasaq dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àṣàkẹ́, kí lo ṣe yìí?"

"Mi ò rí i dáadáa. Ìfẹ́ ẹ ò jẹ́ kí n rí i, ìbínú ẹ náà ò jẹ́ kí n rí i."

Dókítà Mùíz mú fọ́ọ̀mù wá, nítorí adájọ́ tó bá yọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kafilat kọ ọ́ ní ìlà kan: *Àfẹ́sọ́nà mi ló ni ajá yìí.*

Dókítà Mùíz kà á sókè, bí òfin ṣe ní kó ṣe. Alhaji gbọ́ ọ. Dókítà wá kọjú sí Rasaq. "Bí o bá fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, eré yìí ò kà mọ́, oyè ti lọ nìyẹn. Bí o bá ní kì í ṣe òótọ́, ìgbìmọ̀ á wo fídíò. Ó lè bọ́ sí i fún ọ."

Rasaq wo Táyà tó dùbúlẹ̀ sínú koríko, tó na ahọ́n síta. Ó wò ó pẹ́. Ó wo Kafilat, tí kò bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ fún mi ní bírò," ló wí.

Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Alhaji, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. "Lọ́la, sà. Gbogbo ẹbí mi ló ń bọ̀. Mo ṣẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí."

Alhaji wò ó títí ó fi sú àwọn tó wà níbẹ̀. "Dìde," ló wí. "Aago mẹ́wàá. Má jẹ́ kí n wọ agbádá lásán mọ́."

Rasaq lọ jókòó ti ajá rẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kafilat fi fèrè lé Dókítà Mùíz lọ́wọ́, ó lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ó sì gbé ọwọ́ lé Táyà lórí.

"Mo rò pé ó kàn án," ló sọ jẹ́jẹ́.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Rasaq wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.