Ìrẹsì Ojú Ìlù

Yúbò lorúkọ ọmọ náà. Ọ̀la ni ọdún omi, tí gbogbo ìlú máa ń da omi síra wọn, tí wọ́n máa ń lulù, tí wọ́n máa ń jó. Ara Yúbò ò balẹ̀ rárá!

Bàbá àgbà rẹ̀ ló ń lu ìlù ẹlẹ́sẹ̀-erin, tí ìdí rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ erin, ní abúlé wọn. Ìlù náà gùn ju Yúbò lọ.

Lábẹ́ ilé wọn tó dúró lórí òpó, Bàbá àgbà lẹ ìrẹsì rírọ̀ mọ́ ojú ìlù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Bùùùm! Ohùn ìlù wá wálẹ̀ dáadáa.

"Yúbò, ọ̀la la ó lẹ tuntun. Bá mi nu ìrẹsì yìí kúrò kí o tó lọ ṣeré o."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ṣùà! Ṣùà! Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń da omi síra wọn lódò. Yúbò sáré lọ. Ta ló tún rántí ìrẹsì?

Adìẹ rántí.

Kó, kó, kó! Ó ń ṣa ìrẹsì jẹ. Kó, kó... fàà! Ojú ìlù ya.

Yúbò padà dé, ó bá adìẹ lórí ìlù. Bàbá àgbà náà dé. Ó lu ìlù. Pẹ̀. Ó tún un lù. Pẹ̀.

"Yéè! Ta ló ṣe irú èyí?"

"Adìẹ ni, Bàbá," Yúbò ní.

Bàbá àgbà wo adìẹ. Ó wo ìrẹsì tó kù. Ó kàn jókòó sílẹ̀.

Ó dun Yúbò wọra. Ká ní mo ti nù ún! Ká ní mo ti nù ún! Ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Mi ò nù ún."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an. Awọ tuntun ò lè gbẹ tán kí ọ̀la tó dé. Mi ò ní lulù lọ́dún yìí nìyẹn."

Háà! Ọdún láìsí ìlù Bàbá àgbà? Yúbò nu ojú. Ó gba orí afárá oparun lọ sí abúlé kejì, sọ́dọ̀ Bàbá Áíwàn, onílù ibẹ̀. Lọ́dọọdún, òun àti Bàbá àgbà máa ń díje: ìlù ta ló dùn jù?

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní ìlù yín. Èmi ni mo ba tiwa jẹ́."

Bàbá Áíwàn rẹ́rìn-ín títí. "Ìlù tèmi? Kí bàbá onífáàrí yẹn fi ìlù mi borí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Bàbá Áíwàn. "Bí kò bá lulù, ta ni mo wá fẹ́ bá díje? Ó dáa. A ó jọ máa gbà á lù ni."

Ilẹ̀ mọ́. Bàbá Áíwàn gbé ìlù kọ́ èjìká, ó dé. Bàbá àgbà gbà á. Bùùùm!

"Bàbá, kò dún bíi tiwa," Yúbò ní.

"Kò jọ ọ́ rárá. Àárò tiwa ń sọ mí."

"Ẹ̀yin méjèèjì!" Bàbá Áíwàn kígbe. "Ṣé ìlù mi lẹ ń bú lójú mi yẹn?"

Bàbá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Yúbò ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Díẹ̀," Bàbá àgbà ní. "Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ lulù fún, bí kò ṣe ìwọ? Ó yá, jó ijó ọ̀kín fún mi!"

Bùùm! Bùùm! Yúbò na apá méjèèjì bí ìyẹ́ ọ̀kín. Omijé wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jó, ó jó, ó jó.